Orúkọ Tí Àpótí Náà Mọ̀

Ìdí-Àràbà, Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, 2025

Jọmílójú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Mo gbọ́ lórí rédíò pé omi ń di òkúta ní Kánádà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí o wọ̀ jáde. Má dá mi lóhùn pé o ní kóòtù. Mo mọ̀ pé o ní kóòtù. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé ṣé o wọ̀ ọ́.

O pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò gbé e. Kì í ṣe pé mò ń bínú. Etí mi ọ̀tún ti di pátápátá, ti òsì náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Bí mo bá gbé fóònù sétí, ariwo wìì-wìì ni mò ń gbọ́. Màá ní "kí lo wí?" lẹ́ẹ̀mẹta, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, èmi náà á máa pariwo, àwọn aláìsàn orí bẹ́ǹṣì á máa wò mí bí ẹni tó ń jà. Nítorí náà, lẹ́tà ni ká máa kọ. Kọ̀ǹpútà iwájú ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó síbí tí mò ń tẹ orúkọ aláìsàn fún bàbá rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn, èyí tó máa ń kó àwòrán egungun sínú àpótí tó sì máa ń kó o jáde, ti jóná. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù tó kọjá ni iná dé, ó wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, a gbọ́ "pàù", òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé. Àpótí fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, iná aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ọláyíwọlá àbúrò rẹ ra kọ̀ǹpútà mìíràn ní Yaba, ó so wáyà mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí àpótí kankan. Àpótí ọ̀hún sì rèé níwájú rẹ̀, tó tóbi bí àpò ìrẹsì.

Àbúrò rẹ mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Awwal lorúkọ rẹ̀. Awwal mi orí, ó ní inú àpótí náà ti kú, kí a jẹ́ kí òun nù ún nù kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo ní, "Àwòrán inú rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé àpótí wà." Wọ́n ti jọ fàdéhùn sí i. Bí a kò bá rí ojútùú, Awwal á wá nù ún ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta.

Gbogbo egungun tí bàbá rẹ yà fún ọdún mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀ báyìí, àwọn ènìyàn ṣì ń wá gba àwòrán wọn. Àmúsà tó ń lẹ táyà ní Pápá Àjàó, ṣé o rántí rẹ̀? Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí i lẹ́yìn. Dókítà ní òun gbọ́dọ̀ rí àwòrán ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí òun tó fi ọ̀bẹ kàn án. Gbogbo Mọ́ńdè ló ń wá jókòó.

Ìwọ àti bàbá rẹ lẹ to àpótí yìí kí o tó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ fi tilẹ̀kùn, ẹ ní kí n má wọlé. Jọ̀ọ́, sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Kí o sì jẹun.

Èmi ni,
Ìyá Jọmílójú


Winnipeg
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025

Màámi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àfaradà. Ọ̀rọ̀ etí yín bà mí lọ́kàn jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ọláyíwọlá mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí. Mo ń wọ kóòtù.

Àpótí náà kò kú. Àpótí tó kú kì í ṣẹ́jú. Kò mọ kọ̀ǹpútà tuntun yẹn ni. Ìwé kan wà nínú àpótí tí a kọ orúkọ sí, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ti kọ̀ǹpútà tó jóná. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá sí nínú ìwé, àpótí kò ní bú u, kò sì ní lé e. Á kàn dákẹ́ bí ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Ǹ bá ní kí ẹ fi orúkọ tuntun kún ìwé náà, ṣùgbọ́n Bàbá yí ọ̀rọ̀ ìwọlé àpótí padà lẹ́yìn tí mo lọ, wọn ò sì sọ ọ́ fún mi. Ǹ bá sì wọ inú rẹ̀ láti ibí fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ̀ kí a so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àṣírí egungun ọmọ aráyé ò gbọdọ̀ jáde nílé. Ọ̀nà kan ló kù: kí kọ̀ǹpútà tuntun máa jẹ́ orúkọ èyí tó jóná.

Ẹ ki wáyà aláwọ̀ òféèfé bọ ihò kejì lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kì í ṣe èyí tó lọ sí kọ̀ǹpútà iwájú. Ẹ tẹ nọ́ńbà méjèèjì tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí sí ibi tí mo fi ọfà tọ́ka sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojúewé tí orúkọ kọ̀ǹpútà wà, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ da ìlà gígùn tí mo kọ sílẹ̀ yìí kọ títí dé ibi àmì tóótó méjì tó gun ara wọn. Lẹ́yìn àmì yẹn, ẹ kọ orúkọ Bàbá, lẹ́tà kéékèèké, ẹ má fi àmì ohùn sí i. Orúkọ Bàbá ni mo fi sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn.

Bí ó bá wọlé, dísíìkì kan, ibi tí àwọn àwòrán náà wà, á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá bi yín pé ṣé kí òun ṣètò rẹ̀ bíi tuntun, ẹ ní rárá. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí Awwal fẹ́ ṣe náà lẹ ṣe yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí Awwal so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà méjì tí kò mọ ara wọn, bí wọ́n bá jọ ń kọ nǹkan sórí dísíìkì kan náà, wọ́n á bà á jẹ́.

Ẹ tọ́jú ara yín.

Ọmọ yín,
Jọmílójú


Ìdí-Àràbà
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì, 2025

Jọmílójú,

Mo rí lẹ́tà rẹ, mo dúpẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí n lè máa kà á. Mo ka ìlà rẹ̀. Ìlà mẹ́tàdínlógójì fún àpótí, ìlà mẹ́ta fún èmi, kóòtù sì wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn. N kò jà. Mo kàn kà á ni.

Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo ki wáyà bọ ihò kejì, mo tẹ nọ́ńbà, mo da ìlà gígùn yẹn kọ, mo sì fi ìka tẹ̀ lé e bí ọmọ jẹ́léósinmi. Mo kọ orúkọ bàbá rẹ síbi tí o ní kí n kọ ọ́ sí. Àpótí dákẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó dákẹ́.

Àmúsà wá ní Mọ́ńdè. Ó ti ń fi igi rìn báyìí. Mo ní kó máa lọ, pé màá ránṣẹ́ sí i, ó ní kí ni òun fẹ́ lọ ṣe, ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè lẹ táyà. Ó ní bí Awwal bá dé, kó nu òun náà nù, bóyá ẹ̀yìn òun á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bá mi jẹ iṣu mi. Ó pẹ́ tí mo ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ṣé o ní ẹni tí ẹ jọ ń jẹun níbẹ̀? N kò bèèrè pé ṣé ọkùnrin ni. Ẹnikẹ́ni.

Ìyá Jọmílójú


Winnipeg
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, 2025

Màámi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Wọ́n dá ènìyàn méjì dúró níbi iṣẹ́ wa, iṣẹ́ wọn sì já lé mi lórí. Irínwó àpótí ló wà nínú yàrá tí mò ń tọ́jú, wọ́n tóbi ju tiwa lọ. Gbogbo wọn ń hó yee bí òjò lórí páànù. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò dá kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóhùn, èmi ni wọ́n ń pè. Lánàá, láti ìgbà tí mo wọlé títí mo fi jáde, ohun tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara sọ sí mi kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ẹ bi mí ẹni tí a jọ ń jẹun. Ìdúró ni mo ti ń jẹun, Màámi.

Ọ̀rọ̀ àpótí. Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí wáyà bá tọ́, tí nọ́ńbà sì tọ́, orúkọ ló kù. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ kọ orúkọ náà bó ṣe yẹ? Lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀, kò ní gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà níbi tí orúkọ wà, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Jọmílójú


Ìdí-Àràbà
Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, 2025

Jọmílójú,

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi retí lẹ́tà. Nígbà tí yóò dé, o ní ṣé mo kọ orúkọ bó ṣe yẹ. Ṣé èmi ni n kò ní mọ orúkọ ọkọ mi? Mo jáde ìwé mẹ́wàá. Bàbá rẹ kò fìgbà kan rí àṣìṣe nínú orúkọ aláìsàn tí mo bá tẹ̀.

Fóònù mi kò ya àwòrán dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ ti sán.

Ọláyíwọlá ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní, "Màámi, Àǹtí ti ti nǹkan yẹn pa kí wọ́n tó lọ, kí ẹ lè máa wá wọn." Mo lé e jáde lọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo rò ó. Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ lọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé bá wọn lọ. Ìwọ náà lọ. Èmi tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo wá ń bẹ àpótí.

Mo ní ẹnì kan nínú ìjọ tó ń bọ̀ ní ìlú yín. Kí ni kí n fi rán an? Ògì gbígbẹ àbí gàrí? Bí o bá dákẹ́, màá fi méjèèjì rán an.

Ìyá Jọmílójú


Ìdí-Àràbà
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 2025

Jọmílójú ọmọ mi,

O kò fèsì. Mo ti ka lẹ́tà tí mo kọ gbẹ̀yìn, ó le. Bí o bá ń bínú, o kò jẹ̀bi. Bí ara rẹ kò bá yá ni, sọ fún mi, má jẹ́ kí n máa rò ó kiri. Láàárọ̀ yìí, mo pè ọ́ pẹ̀lú etí mi yìí. Ẹnì kan gbé e, ó sọ̀rọ̀, n kò mọ̀ bóyá ìwọ ni. Mo ní "Jọmílójú, mo ti gbọ́" mo sì pa á.

Ogúnjọ́ ni wọ́n fún Àmúsà fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní bí kò bá rí àwòrán àtijọ́, a jẹ́ pé òun á kàn sún ọjọ́ síwájú ni. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń sún un. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Awwal dé.

Mo ti ní kí Àmúsà bá mi fi fóònù tirẹ̀ ya ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà rèé.

Ìyá Jọmílójú


Winnipeg
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, 2025

Màámi mi,

Èmi ni mo gbé fóònù náà. Ara mi yá, n kò sì bínú. Lẹ́tà yín dé, mo bẹ̀rẹ̀ èsì lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò mọ èyí tí mo lè fi ránṣẹ́. A kò ti yín mọ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rí àwòrán. Ìlà gígùn tọ́, àmì tọ́, kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀. Nígbà tí mo wá dé ìparí, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "babajomiloju". Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àpótí, ọ̀gá mi kọjá, ó bi mí bóyá mo ṣubú ni.

Màámi, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo padà lọ ka lẹ́tà mi. "Ẹ kọ orúkọ Bàbá," mo wí. "Orúkọ Bàbá ni mo fi sọ kọ̀ǹpútà." Mo dárúkọ wáyà, mo dárúkọ nọ́ńbà, n kò kọ orúkọ tí mò ń sọ gan-an sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni yóò kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gbanjarẹ sí ìyá rẹ̀? Ọwọ́ mi kò lọ, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé kò lọ. Ẹ wá wo bó ṣe rí: kọ̀ǹpútà ni mo fi sọ, nítorí pé níbẹ̀, èmi nìkan ni mo rò pé yóò máa rí i.

Bàbá, ẹ fojú fò mí. Aderibigbe. Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, láìsí àmì.

Bí ó bá ṣòro fún yín, ẹ má fipá ṣe é. Ọmọ bíbí ilé wọn ni Ọláyíwọlá, ẹ pè é kó bá yín tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ jókòó síta.

Ohun kan tún kù. Nígbà tí dísíìkì bá yọ, ẹ máa rí orúkọ mìíràn lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí a tilẹ̀kùn, mo bi Bàbá pé kí ni ká sọ dísíìkì. Wọ́n ronú títí tí tíì mi fi tutù, kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. N kò sọ.

Ẹ fi ògì ránṣẹ́.

Jọmílójú yín


Ìdí-Àràbà
Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 2025

Jọmílójú ọmọ mi,

Ó ti ṣí. Mo fi èyí ṣáájú kí àyà rẹ lè balẹ̀.

Má gba ẹ̀bi mọ́ra. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti mọ orúkọ tí o ń wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Iléṣà, n kò dárúkọ yẹn rí. Àbúrò wọn tó kéré jù, tí mo bá ní ọmọ ọdún méje, Adúmáadán ni mò ń pè é títí dòní. Nígbà tí bàbá rẹ kú, akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ ní, "Màmá, kí lorúkọ olóògbé?" Káàdì ìdìbò wọn ni mo nà sí i. Ó rò pé n kò mọ̀wé. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀. Mo wá ń sọ lọ́kàn mi pé àpótí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé wá sílé, kò ní ṣàìmọ ohun tí mò ń pè wọ́n.

N kò pe Ọláyíwọlá. Lánàá, ní aago méjì ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn iwájú, mo jókòó sórí àga bàbá rẹ. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn Àmúsà ni. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo dé "b" kejì, mo bọ́ awò mi, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Mo tẹ èyí tó kù.

Àpótí kò dákẹ́. Dísíìkì kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ "Segilola" sí i lára.

Mo bojú wẹ̀yìn, Jọmílójú. Mo rò pé ẹnì kan ló wọlé tó ń pè mí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ta ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀? Màmá ni mo jẹ́ fún àwọn aláìsàn, Ìyá Jọmílójú ni mo jẹ́ ní ìjọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí èmi àti bàbá rẹ fi jọ gbé, Ìyá Jọmílójú náà ni. N kò mọ̀ pé orúkọ mi wà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, n kò ṣí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo kàn ń wò ó.

Láàárọ̀ òní, mo tẹ àwòrán Àmúsà jáde. Ó gbé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yìn mi yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Kò pẹ́, Ọláyíwọlá àti Awwal dé pẹ̀lú irinṣẹ́. Awwal wò ó, ó ní, "Màmá, ta ló bá yín ṣe é?" Mo ní èmi ni. Ó ní bí mo bá ń wá iṣẹ́, òun ní àyè. Àbúrò rẹ ka orúkọ ara dísíìkì, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi. Omi sì wà nínú fíríìjì.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Àmúsà fi ọwọ́ méjèèjì dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní bí ara òun bá yá, òun á wá kí mi. Ènìyàn máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn tí n óò bu iṣu fún.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ mọ́, Jọmílójú. N kò ní wáyà tàbí nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí o bá mi wá. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi náà. Kò pọn dandan kó gùn. Sọ ohun tí o jẹ fún mi, kí o sì jókòó jẹ ẹ́.

Sẹ̀gilọlá